Òjò Orí Òkun

"Iye kan ṣoṣo ni mo ní kí o pààrọ̀," ni alukoro iléeṣẹ́ omi wí. Ó ti bébà kan sí iwájú ọmọbìnrin tó jókòó ní òdìkejì tábìlì, ó sì fi ìka lé ibi tó ń bá a sọ. "Gbogbo ìyókù ló dára. Kódà, nínú àwa àgbà tí a wà níbí, ẹni tó lè kọ irú èyí ò pọ̀."

Ọmọbìnrin náà ò tíì wọ irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ rí. Kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ rọ̀ débi pé ó ṣe é bíi kó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i lọ́rùn, ìgò omi tútù kan tí wọ́n rà níta sì wà níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi jù: àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ omi yìí kì í mu omi iléeṣẹ́ wọn.

Ọlọ́jò ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé ẹ̀kọ́, torí òun ló ń tọ́jú òṣùwọ̀n òjò tó wà lẹ́yìn kíláàsì wọn. Tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, á da omi inú rẹ̀ sínú ife tẹ́ẹ́rẹ́ onílà, á wo ibi tó dé, á sì lọ sọ fún olùkọ́ jọ́gíráfì. Tí òjò bá da eré bọ́ọ̀lù rú, òun náà ni wọ́n máa ń bínú sí. Wọ́n á ní, "Ọlọ́jò, kí la ṣe fún ẹ báyìí?" Òun náà á ní kí wọ́n lọ bẹ ìyá òun, bóyá òun á jẹ́ kó dá.

Iléeṣẹ́ omi ló ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí bí òjò tó ń rọ̀ ní orílẹ̀-èdè wọn lọ́dọọdún ṣe rí sí ti gbogbo ayé. Ẹni tó bá gbégbá orókè yóò ka tirẹ̀ lórí rédíò, iléeṣẹ́ náà yóò sì rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tó wà ní olú ìlú, lọ́fẹ̀ẹ́, títí tí yóò fi ṣe ìdánwò àṣejáde. Ti Ọlọ́jò ló gbégbá orókè.

Ohun tó kọ kò lọ́jú pọ̀. Ó ní bí èèyàn bá ro òjò gbogbo ìlú pọ̀, ibi tó ń rọ̀ púpọ̀ àti ibi tó ń rọ̀ díẹ̀, kó wá pín in dọ́gba, òjò orílẹ̀-èdè wọn á tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún mìlímítà lọ́dún kan. Bí kò bá ṣàn lọ, tí ilẹ̀ ò sì fà á mu, á mu àgbàlagbà dé ìbàdí. Bẹ́ẹ̀, tí a bá ṣe irú ìṣirò yìí fún gbogbo ilẹ̀ tó wà láyé, kò pé ẹgbẹ̀rin. Òjò wọn ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ó wá fi parí rẹ̀ pé bí ẹ̀rọ omi ò bá yọ, kí ẹnikẹ́ni má di ẹ̀bi rẹ̀ ru òjò.

"Ibi tí o ti ní kò pé ẹgbẹ̀rin yìí," ni alukoro ń bá a lọ, "kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó súnmọ́ ẹgbẹ̀rún. Inú ìwé kan náà tí o ti rí ti àkọ́kọ́ lèyí náà wà. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún mọ ibi tí iye kejì yìí ti wá. Wọ́n ti ka òjò tó ń rọ̀ sórí òkun mọ́ ọn, òkun sì fẹ̀ ju ilẹ̀ lọ fíìfíì. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹgbẹ̀rún, orílẹ̀-èdè tó lójò dáadáa á di aláìlójò lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán òjò kan ò dín níbẹ̀.

"Sà, ti òkun wà nínú ìyẹn."

"Ṣé òkun ò sí láyé ni?"

"Ó wà, sà."

"Ta ló wá ní kí o parọ́? Iye tó jóòótọ́ ni mo ní kí o lò." Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìgò omi náà fún un. "Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn náà, yọ ọ́ kúrò. Kàn ní kí aráàlú ní sùúrù. Tí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò burú. Ẹni tó ṣe ipò kejì wà níta níbẹ̀ yẹn, ó ti múra tán."

Irọ́ gbuu ni. Kò sí ẹnikẹ́ni níta àfi ẹ̀ṣọ́ tó ń tòògbé lórí àga. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n, tó lọ́mọ tirẹ̀ nílé, ló jókòó tó ń fi irọ́ dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ọlọ́jò ò mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì yẹn ló ń rò, ibi tí wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń lo maikirosíkóòpù tirẹ̀. Ní tiwọn, ẹyọ kan ló wà, inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló sì ń gbé. Ó mú báírò. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé iye tó jóòótọ́ ni, pé òun ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó fa ilà, ó kọ tuntun, wọ́n sì mú un lọ sí iléeṣẹ́ rédíò lọ́sàn-án ọjọ́ náà kí wọ́n lè ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló ń fọ̀, ẹrù ńláńlá tí wọ́n ń fi ọmọlanke tì wá láràárọ̀. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ti ta sí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi omi díẹ̀ fọ̀. Omi tútù ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi rẹ ẹ́, torí omi gbígbóná á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ àti omi híhó, kí wọ́n tó wá máa ṣàn án títí omi ojú rẹ̀ á fi mọ́ kedere. Omi òjò tí ìyá àti ọmọ ń gbé garawa sábẹ́ òrùlé gbà kì í jẹ́ nǹkan kan nínú irú iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀rọ omi wà nínú ọgbà wọn. Tí èèyàn bá ṣí i, á wúkọ́, á súfèé, á dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, kò jìnnà síbẹ̀, ní ìkóríta, omi ń ru jáde lábẹ́ ọ̀dà títì tọ̀sán-tòru. Páìpù ńlá tó ń gbé omi wá sí àdúgbò náà ló ti bẹ́ sábẹ́ ilẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí eruku bá bo gbogbo ilé, koríko ibẹ̀ nìkan ló máa ń tutù yọ̀yọ̀. Ọmọdé mọ̀, àgbà mọ̀, àwọn iléeṣẹ́ omi náà mọ̀, wọn ò sì wá tún un ṣe. Kí ni wọ́n máa kánjú tún un ṣe sí, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ọ̀gá wọn ló ni ọkọ̀ táǹkà tó ń ta omi fún àdúgbò náà? Ẹ̀yin ẹ gbà mí: omi kan náà, ibì kan náà ló ti ń wá. Èyí tó yẹ kó gba inú páìpù dé ilé wọn ń gba inú táǹkà dé, a sì ní kí èèyàn máa ki àwọn tó ń tà á kú iṣẹ́.

Ó sú àwọn ará àdúgbò. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìlú, ìgbìmọ̀ sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ tọ̀tún-tòsì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kí wọ́n pàṣẹ fún iléeṣẹ́ omi pé kí wọ́n gbẹ́ títì náà. Ìyá Ọlọ́jò ni wọ́n yàn kó gbẹnu sọ fún wọn. Ọlọ́jò mọ̀ nípa ìpàdé yìí. Kò kàn ronú kàn án pé ohun tí òun kà lórí rédíò lè débẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, ìyá rẹ̀ gbé rédíò sójú fèrèsé kí gbogbo ilé lè gbọ́. Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ní ọgbà kejì pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì wá dúró lójú fèrèsé náà. Bí ohùn ọmọ náà ṣe jáde báyìí ni àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pe mìlímítà," ni ìyá rẹ̀ ń wí. "Èmi ni mo bí i o, kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé."

"Ìyá Ọlọ́jò, ẹ jẹ́ ká gbọ́ nǹkan tó ń sọ náà," ni Wẹ́dà wí.

"Kí lẹ fẹ́ gbọ́? Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ ṣèdánwò ni?"

Ẹ̀rín gba ibẹ̀ kan, wọn ò sì gbọ́ ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ọlọ́jò wà nínú yàrá, ó ní orí ń fọ́ òun.

Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ kún lọ́jọ́ ìpàdé. Ọlọ́jò jókòó ti ìyá rẹ̀ ní iwájú. Nígbà tí alága ní kí ará àdúgbò sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ dìde, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí ọṣẹ ti bó síwájú.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Mi ò níí pẹ́. Ọwọ́ mi rèé, omi ni mo fi ń jẹun. Omi ń ṣòfò lójú títì, ọmọ mi sì ń gbé garawa kiri kó tó lọ sílé ìwé. A ò tọrọ ohun tí kò sí. Omi wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ títì yẹn, kí wọ́n so páìpù wa."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Alága pàápàá mi orí. Alukoro wá dìde pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

"Mọ́mì ti sọ̀rọ̀, a sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìṣòro wa kì í ṣe páìpù. Òjò ni. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ àdúgbò wọn ni, ọmọ tí gbogbo wa mọ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ pé. Ẹ fetí sí i."

Ó gbé fóònù rẹ̀ sẹ́nu gbohùngbohùn. Ohùn Ọlọ́jò kún inú gbọ̀ngàn náà: "Ìpíndọ́gba òjò wa lọ́dọọdún kò tó ti gbogbo ayé. Nítorí náà, ó yẹ kí a fara da ọ̀wọ́n omi, kí a sì ní sùúrù pẹ̀lú àwọn tó ń sapá láti fún wa lómi."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Ẹ ò bá kọ́kọ́ bá ọmọ yín parí ọ̀rọ̀ nílé kí ẹ tó máa bọ̀."

Ìyá Ọlọ́jò yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí Ọlọ́jò dìde. Kó kàn ní "òkun wà nínú rẹ̀," ọ̀rọ̀ á parí. Ṣùgbọ́n alukoro ń wò ó, ó rántí ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ó sì tẹ ojú mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ rọra jókòó. Alága ní bó bá jẹ́ pé òjò ni ò tó, kò sídìí láti ba títì jẹ́. Ó ní kí iléeṣẹ́ omi máa ṣí omi fún wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ará àdúgbò sì máa lo ọgbọ́n orí.

Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú di ìsinsìnyí. Wọn ò dá obìnrin náà lóhùn. Wọn ò sọ pé irọ́ ló pa, wọn ò sọ pé páìpù ò bẹ́. Ohùn ọmọ tó bí ni wọ́n mú, tí wọ́n fi dí i lẹ́nu lójú gbogbo èèyàn, ọmọ náà sì jókòó tì í.

Ọlọ́jò rò pé òun á gbọ́ ìbínú lọ́nà ilé. Kò gbọ́ ọ.

"O ò bá ti sọ fún mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mi ò bá má dìde rárá."

"Kí n sọ kí ni fún yín, Mọ́mì?"

"Pé òjò ò tó. Ìwọ lo ń wọ̀n ọ́n, ìwọ lo mọ̀. Èmi ń pariwo páìpù, páìpù, ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀dí ẹ̀."

Ìyá náà gbà á gbọ́. Ẹ rò ó wò. Gbogbo àdúgbò ni wọ́n ń wo omi tó ń ṣàn lójú títì, ṣùgbọ́n obìnrin yìí ka ojú ara rẹ̀ sí òpùrọ́ torí ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ. Nígbà tí Wẹ́dà wá pé kí àwọn tún padà lọ bá ìgbìmọ̀, òun ló dá a dúró.

"Ọmọ mi kì í parọ́," ló wí. "Tó bá ti ní òjò ò tó, òjò ò tó náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fara mọ́ ọn."

Wẹ́dà wo Ọlọ́jò. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Omi tí wọ́n ń ṣí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yẹn ò rẹ aṣọ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé á ṣàn án, omi táǹkà tí ìyá náà ń rà kún un tẹ́lẹ̀ sì ti wọ́n kọjá agbára rẹ̀. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó padà sí ilé ìwòsàn. Nígbà tó yá, mátírọ̀nù fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó ní àwọn aláìsàn ń sùn lórí fóòmù lásán. Ìyá Ọlọ́jò ò jà, kò bẹ̀bẹ̀ fún àsìkò. Ó ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún àwọn tó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ́nà ọjà, torí omi ò níí tó lọ́dọ̀ tòun, òjò ayé ló rí bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà ni ọmọlanke kò ti yà sọ́dọ̀ wọn mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọlọ́jò ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó bá ìyá rẹ̀ tó ń tú àwọn okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ó fẹ́ ká wọn nílẹ̀ kí ẹni tó bá nílò wọn wá kó wọn.

"Mọ́mì, ẹ má tú u mọ́."

"Kí ló máa ṣe níbẹ̀? Kí ẹyẹ máa bà lé e?"

"Irọ́ ni mo pa." Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán: ọ́fíìsì alukoro, iye tó pààrọ̀, òjò orí òkun, gbólóhùn tó yọ kúrò, ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Ìyá rẹ̀ di okùn mú.

"Ìyẹn ni pé òjò tó?"

"Ó tó, Mọ́mì. Ó tó dáadáa."

"Ó tó. Mo wá lọ ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́." Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀. "Mo fi ẹnu ara mi lé iṣẹ́ ara mi lọ. Mátírọ̀nù ò lé mi o, èmi ni mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Torí pé ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀." Ó ju okùn náà sílẹ̀. "Má bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ẹ yẹn. À ń lọ."

Ọ̀dọ̀ alága ìgbìmọ̀ ni wọ́n gbà lọ tààrà. Alága ní òun ò níí gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé ní kọ̀rọ̀, kó wá sọ ọ́ níbi tó ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, alukoro pàdé Ọlọ́jò lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀.

"O mọ nǹkan tí o fẹ́ sọ nù?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà," ló wí, ó sì wọlé.

Ó dúró síwájú wọn. "Ohùn mi lẹ gbọ́ lọ́jọ́sí. Iye tí mo kà wà nínú ìwé lóòótọ́, àmọ́ òjò orí òkun wà nínú ẹ̀. Tí a bá ka ti ilẹ̀ nìkan, òjò wa ju ti ayé lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́. Alukoro ní kí n pààrọ̀ ẹ̀, mo sì pààrọ̀ ẹ̀ torí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ rán mi lọ. Mo tan yín jẹ. Mo tan ìyá mi jẹ."

"Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ sọ," ni alukoro wí.

Alága ò wo ìyá náà. Alukoro ló kọjú sí. "Ṣé ti òkun wà nínú iye yẹn àbí kò sí níbẹ̀?"

"Alága, àlàyé rẹ̀ gùn díẹ̀."

"Mi ò bèèrè àlàyé."

Alukoro nu ojú. "Ó wà níbẹ̀, sà."

"Kí wọ́n wá ra ọkọ̀ ojú omi fún wa," ni Wẹ́dà wí láti ẹ̀yìn, "ká lè máa lọ gbé garawa sí àárín òkun nígbàkigbà tí òjò bá ṣú."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín oníbìínú ni. Kí wọ́n tó dìde lọ́jọ́ náà, ìgbìmọ̀ ti pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ títì. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, ibi tí páìpù náà ti bẹ́ fẹ̀ tó ohun tí èèyàn lè ki apá bọ̀. Wọ́n so ó, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójúlé gbogbo.

Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan wá padà bọ̀ sípò. Alukoro ṣì wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń gba owó oṣù, kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Wọ́n rán ẹlòmíràn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ilé ìwòsàn ti bá àwọn tó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣàdéhùn, wọn ò sì lè yẹ̀ ẹ́ mọ́. Aṣọ ojúlé kọ̀ọ̀kan ni ìyá Ọlọ́jò ń fọ̀ báyìí, èyí tó bá rí.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀yin náà á pàdé alukoro tiyín. Á ní kí ẹ kàn fi iye kan rọ́pò òmíràn, kí ẹ kàn yọ gbólóhùn kan, á sì fi hàn yín nínú ìwé pé òótọ́ ni. Ẹ má dá a lóhùn. Bí a bá mú òótọ́ láti fi tan èèyàn jẹ, irọ́ la pa, àwọn tó fọkàn tán wa jù lọ ló sì máa ń kọ́kọ́ gbà á gbọ́.

Ọlọ́jò àti ìyá rẹ̀ ti parí ìjà. Wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ tí ọmọ náà bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé báyìí tó sọ nǹkan, ohun yòówù kó jẹ́, ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ wò ó lójú, á ní, "Ṣé òótọ́ ni?" Kì í bèèrè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.